Táyà tubular tó jò: omi adíhò tàbí abẹ́rẹ́, gọ́ọ̀mù tàbí téèpù?

Táyà tubular yàtọ̀ sí táyà kẹ̀kẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀. Èyí tí a mọ̀ ní etí líle tó ń há sínú ríìmù, túùbù rẹ̀ sì dá wà: ẹ yọ túùbù, ẹ lẹ̀ ẹ́, ẹ dá a padà, iṣẹ́ parí. Tubular kò ní etí. Wọ́n fi ara táyà wé túùbù, wọ́n rán an pa bí ẹni rán ẹnu ìrọ̀rí, wọ́n wá lẹ aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú ìrán náà. Aṣọ ìdí táyà yìí ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ríìmù. Ó fúyẹ́, ó rọ ara lójú ọ̀nà, bó bá sì jò lójijì lórí eré, èyí tí wọ́n lẹ̀ dáadáa kì í tètè bọ́ kúrò lórí ríìmù. Tubeless, táyà tí kò lo túùbù nínú, ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́pọ̀ ibi nínú eré orí títì, àmọ́ tubular ṣì wà ní velodrome (pápá tí wọ́n kọ́ fún eré kẹ̀kẹ́), ó wà nínú ẹrẹ̀ cyclocross (eré kẹ̀kẹ́ orí ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀), ó sì wà lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ eré àlòkù.

Ẹni tí tirẹ̀ bá jò ní ìpinnu méjì láti ṣe: ohun tó máa fi dí ihò, àti ohun tó máa fi lẹ táyà padà mọ́ ríìmù. Àwọn èèyàn máa ń ya méjèèjì sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ èkíní lè ba èkejì jẹ́. Ohun tí mo máa dúró lé lórí nìyí: ẹ má fi ìrọ̀rùn ọjọ́ tí ẹ ń lẹ táyà yan nǹkan. Ọjọ́ tí ẹ máa tún bó o kúrò ni kẹ́ ẹ fi yàn.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara fáàfù. Bí ojú pẹlẹbẹ méjì bá wà lára orí rẹ̀, inú fáàfù náà ṣeé tú, omi adíhò sì lè gba ibẹ̀ wọlé. Bí orí rẹ̀ bá rí roboto yípo, kò ṣeé tú nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ mọ irú rọ́bà tí wọ́n fi ṣe túùbù tó wà nínú, butyl tàbí latex. Butyl dúdú, ó nípọn díẹ̀, ó sì ń di afẹ́fẹ́ mú fún ọjọ́ púpọ̀. Latex fẹ́lẹ́, ó ń nà, afẹ́fẹ́ sì ń yọ́ jáde lára rẹ̀ débi pé bí ẹ bá kún un lálẹ́, yóò ti rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àìmọ èyí ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn tú táyà tí kò jò rárá. Ní ti ilé iṣẹ́ Tufo, ọ̀pọ̀ tubular tí wọ́n ń ṣe kò ní túùbù, kò sì ní ojú ìrán. Abẹ́rẹ́ kò níṣẹ́ níbẹ̀.

Ríìmù ńkọ́? Alumíníọ̀mù ni tàbí kábọ́ọ̀nù, àti pé ṣé ara ríìmù ni bíréèkì ti ń di kẹ̀kẹ́ mú? Bíréèkì tó ń fa ríìmù máa ń mú un gbóná lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gùn, ooru sì ń rọ gọ́ọ̀mù. Ibi tí ẹ ti ń gun kẹ̀kẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú: orí òkè, pápá velodrome, tàbí ẹrẹ̀.

Ti owó kò le. Ike gọ́ọ̀mù kékeré kan kò ju pọ́n-ùn díẹ̀ lọ ní Bírítéènì, téèpù wọ́n jù ú lọ fún ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan, ṣùgbọ́n táyà tubular tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe lè ju iye ike gọ́ọ̀mù mẹ́wàá lọ. Ìdí nìyẹn tí àtúnṣe fi ní ìtumọ̀. Ohun tó wọ́n gan-an ni àkókò.

Dídí ihò: omi adíhò

Èyí ló yá jù. Ẹ tú inú fáàfù jáde, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tán, ẹ yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kí fáàfù wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ sì da omi náà sínú rẹ̀: 20 sí 30 ml tó fún táyà títì, ti cyclocross lè gba ìlọ́po méjì. Ẹ dá inú fáàfù padà, ẹ fi afẹ́fẹ́ kún un dé ìdajì, ẹ yí i, kí ẹ sì gbé ojú ihò náà sísàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tó kún un tán. Bí ẹ bá kún un dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà, afẹ́fẹ́ yóò ti omi jáde kí ó tó dì.

Ihò ẹ̀gún àti ti ìgò tín-ínrín ni ó ń dí, èyí tí kò ju 2 tàbí 3 mm lọ. Kò lè dí ojú ibi tí nǹkan ti ya táyà, kì í sì í sábà ṣe é fún ihò méjì tó máa ń yọ nígbà tí ríìmù bá gbá túùbù mọ́ òkúta. Agolo Vittoria Pit Stop, tó ń tú ìfófòó àti afẹ́fẹ́ sínú táyà pa pọ̀, dára láti gbé dání, torí ó lè gbé yín délé. Kò yẹ kí ẹ kà á sí àtúnṣe.

Àléébù rẹ̀ kì í tètè hàn. Omi adíhò máa ń gbẹ láàárín oṣù díẹ̀, ó lè di òkìtì sí ojú kan, ó lè dí fáàfù pa. Bí ẹ bá gbé táyà náà kọ́ láìní afẹ́fẹ́, ara túùbù lè lẹ̀ mọ́ra nínú lọ́hùn-ún. Èyí tó burú jù ni pé túùbù tí omi náà ti kùn kì í fẹ́ gba súlúṣọ̀n mọ́. Ẹni tó bá ti da omi sínú táyà kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ilẹ̀kùn abẹ́rẹ́ mọ́ ara rẹ̀. Fún latex, ẹ wá irú tí kò ní amóníà nínú. Caffélatex wà nínú wọn.

Dídí ihò: kí ẹ tú ojú ìrán

Fọkanáísà ojú títì kò ní ṣe èyí fún yín, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ awo. Ohun èlò rẹ̀: abẹ́ kékeré tó mú, abẹ́rẹ́ tó nípọn, òwú tí wọ́n fi ìda pa tàbí òwú ìpẹja oníhun, súlúṣọ̀n, ẹ̀lẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, sáńpépà, gègé bírò, àti góòmù bàtà. Velox ń ta àpò kékeré tó kó ọ̀pọ̀ nínú ìwọ̀nyí jọ.

Wíwá ihò ni ibi tí iṣẹ́ ti sábà máa ń wọ́. Ẹ rì táyà sínú omi, ìhó lè máa jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáàfù nígbà tó jẹ́ pé apá kejì ni ihò wà, torí afẹ́fẹ́ ń rìn láàárín túùbù àti ara táyà títí yóò fi rí àyè yọ. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo ojú táyà yípo bóyá ẹ máa rí ẹ̀gún, ìgò tàbí ojú àpá kékeré. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ fura sí. Bí ó bá jẹ́ ìdí fáàfù gan-an ni túùbù ti ya, ẹ má bá a jà. Ẹ lọ ra òmíràn.

Láti bó táyà kúrò, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tán pátápátá, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú kejì fáàfù, kí ẹ sì fi àtàǹpàkò méjèèjì tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bó bá kọ̀, ẹ fi ọ̀pá ike tí ẹnu rẹ̀ kú ràn án lọ́wọ́. Sukudiráfà máa ń gé aṣọ ìdí, ó sì ń ha ríìmù.

Ẹ ṣí aṣọ ìdí tó 15 cm, kí ojú ihò wà ní àárín. Kí ẹ tó gé òwú kankan, ẹ fi gègé fa ìlà kọjá lórí ojú ìrán ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan sẹ̀ǹtímítà. Èyí ni ìgbésẹ̀ tí àwọn èèyàn ń fò jù, òun náà ló sì ń fà á tí táyà fi ń yí wọ́gọwọ̀gọ lẹ́yìn àtúnṣe: ọ̀tún àti òsì kò pàdé bí wọ́n ṣe pàdé tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí, ẹ fi abẹ́rẹ́ gbé òwú sókè, kí ẹ gé e pẹ̀lú ẹnu abẹ́ tó kọjú sókè, kò gbọdọ̀ kọjú sí túùbù. 8 sí 10 cm tó. Ẹ ṣa gbogbo ìyókù òwú kúrò. Nínú àwọn táyà kan, aṣọ fẹ́lẹ́ mìíràn wà láàárín ojú ìrán àti túùbù; ẹ kàn ká a sí ẹ̀gbẹ́.

Ẹ fa túùbù jáde díẹ̀, ẹ fún un ní afẹ́fẹ́ kékeré, kí ẹ fi omi ọṣẹ wá ihò. Tó bá jẹ́ butyl, ẹ fi sáńpépà ha á fẹ́rẹ́, ẹ fi súlúṣọ̀n pa á kó fẹ́lẹ́, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 5 títí dídán rẹ̀ yóò fi lọ, kí ẹ tó tẹ ẹ̀lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀lẹ̀ ńlá tó nípọn, irú ti túùbù mọ́tò, yóò di kókó lábẹ́ yín nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dé 8 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú táyà). Tó bá jẹ́ latex, ẹ gé ẹ̀lẹ̀ roboto bí 2 cm lára túùbù latex àtijọ́, ẹ má ha á, súlúṣọ̀n kan náà ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ̀lẹ̀ butyl kò lè nà tó latex, etí rẹ̀ yóò ṣí. Ẹ wọ́n pọ́dà díẹ̀ sí i.

Ẹ má tíì rán an. Ẹ fi ìka wá inú ara táyà wò, kí ẹ̀gún náà má lọ wà níbẹ̀ sí. Bí fọ́nrán ara táyà bá ti gé, ẹ lẹ ègé aṣọ líle kan mọ́ ọn nínú pẹ̀lú góòmù bàtà, kó kọjá ojú àpá ní 1 cm yípo. Táyà tó ti bàjẹ́ pátápátá lẹ ti lè gé irú aṣọ bẹ́ẹ̀, torí náà ẹ má dà á nù. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ táyà ló ya tó ju 1 cm lọ, ẹ gbà pé ó ti tán.

Nígbà rírán, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 2 cm ṣáájú ibi tí ẹ tú, kí òwú tuntun gun orí ògbólógbòó, kí ẹ sì parí ní 2 cm lẹ́yìn rẹ̀. Ihò àtijọ́ ni kí abẹ́rẹ́ máa gbà. Ẹ máa fún etí méjèèjì pa pọ̀ sókè kí abẹ́rẹ́ má kan túùbù; ẹni tó gún un níbí yóò tú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹ bá fa òwú le jù, ojú ibẹ̀ yóò fún wọlé. Bí ó bá dẹ̀, yóò yọ gẹ̀gẹ̀. Ìlà gègé tí ẹ fà yóò sọ bóyá ẹ wà lójú ọ̀nà. Ẹ fi góòmù bàtà fẹ́lẹ́ tàbí latex olómi lẹ aṣọ ìdí padà (Copydex tí wọ́n ń tà ní Bírítéènì ṣe é), kí ẹ gbé táyà sórí ríìmù gbígbẹ, kí ẹ kún un, kó sun ibẹ̀. Ẹ má fún táyà tí kò sí lórí ríìmù ju 1 sí 2 bar lọ.

Ẹni tó mọ́ lára yóò ṣe é ní wákàtí kan. Ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ kí ó ya ọ̀sán kan sọ́tọ̀.

Ríra tuntun

Bí ojú táyà bá ti jẹ dé fọ́nrán, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń sán, tàbí tí ó ti ní ẹ̀lẹ̀ mẹ́ta, owó àti àkókò tí ẹ fẹ́ ná lé e kò ní padà wá.

Lílẹ̀ mọ́ ríìmù: gọ́ọ̀mù

Gọ́ọ̀mù ríìmù kì í ṣe súlúṣọ̀n. Vittoria Mastik One àti ti Continental ni ẹ máa tètè rí. Continental ní ọ̀kan fún alumíníọ̀mù, òmíràn fún kábọ́ọ̀nù, ẹ má pa wọ́n dà. Ní University of Kansas, Chip Howat àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wọn agbára oríṣiríṣi gọ́ọ̀mù, Mastik One sì wà lókè níbẹ̀. Ike kékeré kan tó bí 25 sí 30 g, ó sì tó ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan.

Táyà tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ nà: ẹ gbé e sórí ríìmù láìsí gọ́ọ̀mù, ẹ kún un, kó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 24 ó kéré tán. Ríìmù alumíníọ̀mù, asítóònù lẹ ó fi nù ún. Kí ó jẹ́ asítóònù gidi o. Omi ìnu èékánná tí wọ́n ti pò mọ́ òróró àti lọ́fínńdà ń fi ọ̀rá sílẹ̀, gọ́ọ̀mù kì í sì í di orí ọ̀rá mú. Fún kábọ́ọ̀nù, sípíríìtì ni mo máa kọ́kọ́ lò, ẹ má sì gbé ohunkóhun tó gbóná sún mọ́ ọn. Gọ́ọ̀mù àtijọ́ tó fẹ́lẹ́, tó sì tẹ́jú, ẹ fi í sílẹ̀ bí irú kan náà lẹ tún fẹ́ lò. Kókó rẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ ha.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ gé irun rẹ̀ kúrú kun ríìmù dé etí méjèèjì, kó fẹ́lẹ́. Ẹ fún táyà ní afẹ́fẹ́ díẹ̀ títí aṣọ ìdí yóò fi kọjú síta, kí ẹ kun òun náà. Wákàtí 24. Ẹ kun méjèèjì lẹ́ẹ̀kejì. Wákàtí 24 mìíràn. Ìkùn kẹta lọ sórí ríìmù nìkan, lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 5 sí 10, nígbà tó ṣì ń fa ọwọ́, ẹ gbé táyà lé e. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ dúró lórí ilẹ̀, fáàfù lókè, ẹ ki fáàfù bọ̀ ọ́, kí ẹ máa fi ọwọ́ méjèèjì na táyà sísàlẹ̀ gan-an bẹ́ ẹ ṣe ń lọ. Bí ẹ bá nà án dáadáa lókè, ìwọ̀nba tó kù nísàlẹ̀ yóò gun orí ríìmù wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ẹ kò bá nà án, ẹ máa jà, gọ́ọ̀mù yóò sì kun gbogbo ara. Ẹ fi 2 sí 3 bar sí i, ẹ yí i, ẹ tọ́ ọ títí aṣọ ìdí fi hàn bákan náà lọ́tùn-ún lósì, kí ẹ tó kún un tán. Wákàtí 24 kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún. Ẹ ṣe é níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, òórùn rẹ̀ le.

Nígbà tó bá gbẹ, ẹ tú afẹ́fẹ́, kí ẹ fi àtàǹpàkò ti táyà yípo. Bí aṣọ ìdí bá gbé kúrò lára ríìmù níbì kan, ẹ tún ibẹ̀ ṣe. Àyẹ̀wò yìí tọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo sáà.

Àǹfààní ńlá tí gọ́ọ̀mù ní wà lójú ọ̀nà. Bí táyà bá jò, ẹ bó o kúrò, ẹ fi èyí tí ẹ ti kun gọ́ọ̀mù sí nílé rọ́pò, gọ́ọ̀mù orí ríìmù yóò ṣì dì í mú tó láti rọra gùn délé. Ọgbọ́n yìí ló mú kí àwọn eléré Tour de France ayé àtijọ́ máa gbé táyà kọ́ èjìká ní àgbélébùú.

Ooru sì ni ọ̀tá rẹ̀. Gọ́ọ̀mù tó rọ̀ ń jẹ́ kí táyà máa sún díẹ̀díẹ̀. Fáàfù tó ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan ni ẹ fi máa mọ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje 2003, nínú Tour de France, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Joseba Beloki, eléré ará Spéìn, yọ̀ lórí ọ̀dà tí oòrùn ti yọ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sí ìlú Gap, táyà bọ́ kúrò lórí ríìmù, ó sì fọ́ egungun itan, ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́.

Lílẹ̀ mọ́ ríìmù: téèpù olójúméjì

Carogna ti Effetto Mariposa àti téèpù Tufo ló gbajúmọ̀. Ríìmù gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní, láìsí gọ́ọ̀mù àtijọ́. Ẹ tẹ́ téèpù yípo, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má há sábẹ́ rẹ̀, ẹ lu ihò fáàfù. Ẹ ṣí etí bébà òkè rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ gbé táyà lé e pẹ̀lú afẹ́fẹ́ díẹ̀, ẹ tọ́ ọ dáadáa, lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ rọra fa bébà yẹn jáde yípo, kí ẹ sì kún táyà. Kò ju wákàtí kan lọ, ọwọ́ kì í sì í dọ̀tí.

Lẹ́yìn tí bébà bá ti jáde, títọ́ ti parí. Bó ṣe wọ́ ló máa wà. Ọjọ́ bíbó rẹ̀ sì le. Téèpù lè di aṣọ ìdí mú ju bí aṣọ náà ṣe di táyà mú lọ, kí ẹ wá rí i pé aṣọ ló kù lórí ríìmù. Lójú ọ̀nà, bí téèpù bá bá táyà lọ, ríìmù gbígbẹ lẹ máa fi táyà kejì lé. Mímú ìyókù téèpù kúrò lè gba àkókò ju èyí tí ẹ rò pé ẹ jèrè lọ.

Méjèèjì pa pọ̀

Cyclocross nìkan ló nílò èyí. Táyà 33 mm pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tí kò tó 2 bar máa ń fẹ́ yí kúrò ní kọ́nà, omi ẹrẹ̀ sì ń wọ ìdí rẹ̀. Ìdí táyà ńlá kì í tún bá ikùn ríìmù tóóró dọ́gba, àlàfo máa ń wà láàárín wọn. Àwọn tó ń ṣe é ní Bẹ́ljíọ̀mù ń kun gọ́ọ̀mù sí ríìmù, wọ́n ń tẹ́ téèpù aṣọ lé e láti dí àlàfo, wọ́n tún ń kun gọ́ọ̀mù lórí rẹ̀ àti sí ìdí táyà. Ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ni, bíbó rẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ agbára.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tó ń gun òkè, tó ń lo bíréèkì orí ríìmù, tó sì ń dá jìnnà sílé: gọ́ọ̀mù, táyà kejì tí ẹ ti kùn lábẹ́ àga, àti abẹ́rẹ́ nílé. Ẹ má da omi sínú táyà latex olówó gọbọi kí ẹ tó gbìyànjú abẹ́rẹ́.

Ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ àlòkù, tó ń gùn ún ní ìgboro ilẹ̀ pẹrẹsẹ, tí táyà rẹ̀ kò sì wọ́n: téèpù àti omi adíhò tó o. Kí ó gbé agolo ìfófòó dání.

Ẹni tó ń sáré ní velodrome, irú èyí tí wọ́n kọ́ sí Àbújá fún ìdíje gbogbo Áfíríkà (All-Africa Games) ti 2003: gọ́ọ̀mù, kó fẹ́lẹ́, kó sì ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Kò sí bíréèkì níbẹ̀, kò sì sí ooru rẹ̀, àmọ́ afẹ́fẹ́ lè lé ní 10 bar, kọ́nà sì dagun. Omi adíhò kò níbẹ̀ í ṣe. Táyà tó bá jò, ẹ bó o, kí ẹ tún un ṣe nílé.

Ẹlẹ́rẹ̀ cyclocross: gọ́ọ̀mù àti téèpù pa pọ̀, pẹ̀lú omi adíhò nínú táyà láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, torí bíbó o láàárín sáà kò ṣeé ṣe ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀. Òun nìkan ni mo lè gbà níyànjú pé kó da omi sínú táyà tí kò tíì jò.

Ẹni tó ní Tufo tí kò ní túùbù: omi adíhò, tàbí kó ra òmíràn.